Ìbéèrè Tí Ọmọ Ọmọ Mi Kò Lè Bi Àgbàlagbà

Iṣẹ́ ẹkún sísun lórí fóònù ni mò ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ẹkún gidi o. Màá jókòó sínú yàrá kékeré kan nínú ilé gíga kan ní Downtown, àárín ìlú Atlanta, màá gbé fóònù sétí, màá sì máa ro ẹjọ́ ìbànújẹ́ tí mi ò ní fún ọmọ yunifásítì kan tó jókòó sí yàrá kejì. Bí ọmọ náà bá fetí sí mi dáadáa, ó yege. Bí kò bá fetí sí mi dáadáa, wọ́n á ní kó padà wá. Èmi ní tèmi, wọ́n á fún mi ní kọfí àti bisikíìtì, obìnrin kan tó kàwé jù mí lọ á sì bọ̀ mí lọ́wọ́, á ní òun dúpẹ́ pé mo pa irọ́ tó dáa.

Mo ti ń retí irú iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí mo ti wà ní ìwé kẹrin, níbi tí èmi àti ilé ẹ̀kọ́ ti pínyà. Nígbà tí mò ń wa lọ́rì láti Ìbàdàn lọ sí Kánò, ọ̀fẹ́ ni mò ń parọ́ fún mọ́tò-bọ́ì mi kí oorun má baà gbé e lọ. Mo sọ fún un nígbà kan pé mo ti gbé erin rí láti Jẹ́bà dé Mọ́kwà, pé nígbà tí lọ́rì rì sínú ẹrẹ̀, erin náà ló sọ̀ kalẹ̀ tó tì mí jáde, tó tún padà gòkè fúnra rẹ̀, tó sì ní kí n máa lọ. Ọkùnrin yẹn gbà mí gbọ́ títí ó fi ṣègbéyàwó. Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá a tú u palẹ̀.

Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló mú mi wá síbí lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ní òun ò fẹ́ kí n máa dá nìkan wà. Ó gbé mi wá sí Lithonia, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Atlanta. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, òun gba ibi iṣẹ́ lọ, ọkọ rẹ̀ gba ibi iṣẹ́ lọ, ọmọ wọn gba iléèwé lọ, èmi àti fìríìjì la wá ń wo ara wa. Àdúgbò náà dáa, àmọ́ gbogbo ilé ibẹ̀ ló jọra bí ẹyin inú páálí. Lọ́jọ́ kan mo jáde lọ na ẹsẹ̀, mo padà wọlé, mo jókòó, mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo sì ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tán kí n tó ṣàkíyèsí pé àwòrán tó wà lára ògiri kì í ṣe ti ẹbí mi. Onílé náà ò bínú. Omi ló bù fún mi, ó ní kí n máa wá tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ọmọbìnrin mi àti ọkọ rẹ̀, I-20, ọ̀nà márosẹ̀ tó wọ Atlanta, ni wọ́n máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn láàárọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà kan tí wọ́n gbé mi dání, ẹyẹ kan yé ẹyin sórí ọkọ̀ wa bí a ṣe ń jáde ní Lithonia; ká tó fojú kan Downtown, ọmọ ẹyẹ náà ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ọmọ mi, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Atlanta ni wọ́n bí i sí. Yorùbá tó ń sọ, ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti rí i kọ́. Ó máa ń rọra gbẹ́sẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì. Àmọ́ tó bá rí mi láàárọ̀, á kúnlẹ̀ gidi, orúnkún á kan ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò fi ìyẹn ṣeré. "Ìyàwó mi" ni mo máa ń pè é, òun náà á sì dá mi lóhùn pé kí ọkọ òun kọ́kọ́ lọ wá eyín rẹ̀ kó tó máa pe òun níyàwó.

Yunifásítì ńlá tó wà ní Downtown ló ń lọ, ó ń kọ́ iṣẹ́ àwọn tó máa ń ran ẹni tí ìṣòro bá lọ́wọ́. Yunifásítì yìí àti ẹgbẹ́ aláàánú kan wá so ọwọ́ pọ̀. Ẹgbẹ́ náà ní nọ́ńbà fóònù kan tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo lè pè nígbàkígbà, kó sì rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gbé fóònù náà ò gba kọ́bọ̀. Ṣe ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Ẹgbẹ́ ń wá ọ̀dọ́ tó máa jókòó sídìí fóònù, yunifásítì ń wá ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ á ti fọwọ́ ara wọn kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ra nìyẹn. Ẹgbẹ́ á kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, á dán wọn wò, ẹni tó bá yege á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù.

Ọmọ yìí fẹ́ jókòó sídìí fóònù yẹn ju bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ mọ́tò lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ní ọdún àkọ́kọ́ máa ń kọjú sógiri sunkún. Gbogbo ohun tí ọmọ ọmọ mi, ọmọ mi náà ni, mọ̀ ọ́n ṣe ni kó lọ ra píṣà wá. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ náà kó ẹrù rẹ̀ padà sílé, kò sì parí iléèwé. Kò kú o, wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá. Àmọ́ ọmọ mi sọ fún mi pé òun ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń ra píṣà mọ́.

Báwo ni èmi náà ṣe dé ibẹ̀? Lọ́jọ́ Sunday kan tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ń jẹ ìrẹsì, ó ní ẹgbẹ́ náà ń wá àgbàlagbà tó máa ṣe bí olùpè kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi wọ́n dánra wò, pàápàá àwọn tí ohùn wọn ò jọ ti ọmọ yunifásítì. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe. Ìyá rẹ̀ ní, "Daddy ò lọ síbì kankan o." Kó tó sọ ọ́ tán, mo ti dé fìlà.

Obìnrin tó ń darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni. Ó ga, irun rẹ̀ tó lọ́ bí okùn ti funfun, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ débi pé tó bá ń bá yín wí, ẹ̀yin á rò pé ó ń rẹ̀ yín lẹ́kún ni. Ọ̀gá Olùkọ́ ni mo sọ ọ́. Ó ní kí n sọ ìṣòro kan kóun gbọ́. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì mi tó máa ń dúró sinmi lójú ọ̀nà ṣàlàyé pé mo fi ewúrẹ́ kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn, pé gbogbo ọjọ́ Saturday la máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àmọ́ láti ìgbà tí àbúrò mi ti ra tẹlifíṣọ̀n fún un, kì í gbé ìpè mi mọ́. Omi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá Olùkọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbórí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó máa gbórí sókè, ó ní, "Ẹ̀bùn wà lára yín, sà. Àmọ́ ẹ dín in kù. Tí irọ́ yín bá tóbi tó báyìí, àwọn ọmọ mi ò ní ráyè gbọ́ ìbànújẹ́ tó wà nídìí ẹ̀."

Ó wá ki òfin kan mọ́ ọn: mi ò gbọ́dọ̀ ṣe olùpè fún ẹbí mi. Mo ní ìyẹn ò le rárá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé láàárọ̀ ìdánwò, wọ́n á fún olùpè kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí wọ́n kọ ìṣòro rẹ̀ sí. Ìlà kan péré: ọkùnrin kan, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kì í pè é. Ó kù sọ́wọ́ mi láti fi ẹran àti ata sí i. Mo ti jẹ́ awakọ̀ òfurufú tó ń bẹ̀rù àkàbà. Mo ti jẹ́ ẹni tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tó máa ń sunkún níbi ìgbéyàwó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ wá lọ́yà fún mi kí n tó dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ mí. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìbànújẹ́ tirẹ̀, ó sọ ọ́ títí, èmi ni mo wá ń tù ú nínú. Àwọn olùpè yòókù ní èmi ni mo yege lọ́jọ́ yẹn.

Òfin wọn le fún ọmọ Yorùbá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má gbani nímọ̀ràn. Wọ́n ní kó má wàásù. Wọ́n ní tí olùpè bá dákẹ́, kí òun náà dákẹ́, kó kàn jẹ́ kó mọ̀ pé òun ṣì wà níbẹ̀. Nínú ilé tiwa, tí ẹnì kan bá ní orí ń fọ́ òun, ẹnì kan ti lọ gbé oògùn, ẹnì kan ti dìde àdúrà, ẹlòmíì ń béèrè ohun tó jẹ lánàá. Ta ni yóò dákẹ́ níbẹ̀?

Àmọ́ ọ̀gá gbogbo òfin náà ni ìbéèrè kan. Bí ọ̀rọ̀ olùpè bá ti ń sún mọ́ ibi tó ṣókùnkùn, tó ń sọ pé ayé ti sú òun, pé òun ò mọ ìdí tóun fi ń jí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ bi í ní gbangba bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ yí i po. Ọ̀gá Olùkọ́ ṣàlàyé fún àwa olùpè náà pé ìbéèrè yẹn kì í fi ohun tí kò sí níbẹ̀ síni lọ́kàn. Ẹni tí kò rò ó á ní rárá. Ẹni tó ń rò ó á rí ibi sọ ẹrù kalẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ mi ti ń ṣubú. Nígbà àkọ́kọ́, olùpè rẹ̀ ṣe bí opó kan. Wọ́n ní ọmọ mi fetí sí i bí ẹni pé eré orí rédíò ni. Wọ́n dé ibi tó ṣókùnkùn, ọmọ mi fa èémí, ó la ẹnu, ó ní, "Ṣé ẹ ti jẹun, mà?" Nígbà kejì, ó tún dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń ṣe bí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbìyànjú, ó gbìyànjú, ohun tó jáde ni "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", ní Yorùbá. Ọkùnrin náà ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Olùkọ́ sọ fún ọmọ mi pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó rẹlẹ̀ yẹn pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Tí kò bá lè bèèrè, ẹgbẹ́ á fi í sídìí àga títò àti ìwé ìpolongo pínpín. Ọdún tó máa parí iléèwé sì nìyí. Kò sí sáà mìíràn tó tún lè fi dúró.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ohun tó ń gbé e ṣubú, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lára rẹ̀.

"Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní Downtown nìyẹn? Kí ọmọ mi máa fi ẹnu rẹ̀ bi àgbàlagbà bóyá ó fẹ́ kú?"

"Mummy, ẹ̀yin náà máa ń bi àwọn aláìsàn yín ní hospital."

"Ìyẹn wà lórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ló ń bi wọ́n, èmi kàn ń kà á ni."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ìrẹsì há mi lọ́fun. Àmọ́ mi ò lè dá ọmọbìnrin mi lẹ́bi. Ilé wa la ti kọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó kú. Wọ́n kọ́kọ́ pè mí pé ara rẹ̀ ò le. Wọ́n tún pè pé ó ń sùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n rí i pé mo ti jẹun dáadáa, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti tán. Ikú tó ti ṣẹlẹ̀ pàápàá, bí a ṣe ń rọra gbé e wọlé nìyẹn. Ẹ wá ní kí ọmọ tí a bí báyìí máa ti ọ̀nà iwájú gbé èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ wọlé fún àgbàlagbà.

Mo ní kó jẹ́ ká fi ilé dánra wò. Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ ìyá rẹ̀ ní gáráàjì, mo pè é lórí fóònù, òun wà ní kíṣìnì. Mo ní opó kan láti Alabama ni mí, pé ọkọ mi gbé gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé wọ sàréè, pé ojú fèrèsé ni mò ń gbà wọlé láti ìgbà náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń ṣe òsúkè. Mo wá dín in kù, bí Ọ̀gá Olùkọ́ ṣe kọ́ mi. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní ó ti rẹ̀ mí. Mo ń retí ìbéèrè náà. Fóònù dákẹ́. Kó pẹ́, ilẹ̀kùn gáráàjì ṣí, òun rèé tó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Grandpa, mi ò lè sọ ọ́ sí yín. Ó ń dún bí èpè."

Mo ní èmi kọ́, opó ni. Ó ní opó náà ń hú ikọ́ bíi Grandpa.

Mo rò ó láti ọjọ́ yẹn lọ. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ó kàn nílò olùpè tó máa fà á lọ́wọ́ dé ibẹ̀, tó máa gbé ìbéèrè náà lé e lẹ́nu bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ lóúnjẹ. Ta ló tún mọ irú irọ́ yẹn pa jù mí lọ? Òfin tó ní mi ò gbọ́dọ̀ ṣe olùpè fún ẹbí mi, mo rántí ẹ̀ dáadáa. Mo kàn rò pé àwọn tó ṣe é ò mọ̀ mí tó ni.

Láàárín àwa olùpè, mo ní ọ̀rẹ́ kan, ará Amẹ́ríkà tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ pín lẹ́tà káàkiri Suwanee, ìlú kan nítòsí Atlanta. Òun ni wọ́n yàn fún ọmọ mi lọ́jọ́ ìdánwò náà. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn meat pie tí ọmọbìnrin mi máa ń ṣe ju bó ṣe fẹ́ràn ìwàásù lọ, bẹ́ẹ̀ díákónì ni. Mo gbé ike kan fún un. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí ni mo fẹ́. Mo ní káàdì rẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá mú wa ńkọ́? Mo ní kó sọ pé mo jí i. Ó bá fún mi ní káàdì náà, ó mú ike rẹ̀, ó lọ jókòó sí yàrá tó yẹ kí n wà.

Káàdì náà ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá wà nílé látàárọ̀ dalẹ́. Mo gbé fóònù. Mo ti múra ohùn sílẹ̀. Ohùn ọkùnrin ará Jàmáíkà kan tó máa ń wá tún páìpù ilé wa ṣe ni mo yá lò. Ọmọ mi fi Gẹ̀ẹ́sì kí mi, ó ní òun wà níbí, òun sì ń gbọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní bọ́ọ̀sì tí mò ń wà fẹ́ràn mi débi pé nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, òun náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Mo dúró kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́, mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ẹni tó ń fetí síni ṣe máa ń rí? Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo ti ń parọ́ fún láyé mi, ẹ̀rín wọn ni mo fi ń mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Èyí ò rẹ́rìn-ín, ó sì wà níbẹ̀. Ara mi ò gbà á. Mo wá nǹkan sọ kí ibẹ̀ má baà ṣófo, ohun tó jáde ò sí lórí káàdì.

Mo ní ilé máa ń pa rọ́rọ́ tí gbogbo wọn bá ti lọ. Mo ní mo máa ń tan ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ nígbà tí kò sí abọ́ kankan nínú ẹ̀, torí ó máa ń kùn bí ẹni tó ń dá mi lóhùn. Mo ní ìyàwó mi máa ń bú mi tí mo bá ti ń parọ́ jù, pé láti ìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó ń bú mi mọ́, irọ́ náà ò sì dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní àárọ̀ mìíràn wà tí màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, bàtà á wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní mọ ohun tí mo fẹ́ torí ẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ara mi. Ará Jàmáíkà ti lọ. Ó ti pẹ́ tó ti lọ. Ohùn tèmi ni mo fi ń sọ̀rọ̀, mo sì ti ń sọ̀rọ̀ ará Ìbàdàn mọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìtìjú mú mi, mo húkọ́. Yàrá tèmi àti tirẹ̀, gíláàsì ló pín in, wọ́n sì fi aṣọ bò ó, àmọ́ aṣọ náà ò balẹ̀ dáadáa. Mo wo abẹ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ọmọ mi ni mo rí, àwọn méjèèjì dojú kọ mí. Ó ti kúnlẹ̀.

Ó sì wí lórí fóònù, jẹ́jẹ́, ní Yorùbá: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ṣé ẹ ń rò ó pé kí ẹ pa ara yín?"

Kò dún bí èpè. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Bí ẹni tó bá mi gbé ẹrù lé ilẹ̀, tó wá ń bèèrè bóyá ó ṣì ku nǹkan kan lórí mi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dún.

Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Mi ò rò ó rí. Àmọ́ ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní nǹkan tó kọjá bóyá mo ti jẹun."

Ó ní, "Mo wà níbí, sà." A sì dákẹ́ pa pọ̀.

Ọ̀gá Olùkọ́ ló já wa. Ó ti ń gbọ́ wa láti yàrá tirẹ̀ pẹ̀lú ohun tó fi bo etí. Ó ṣílẹ̀kùn mi, ó wò mí, ó wo káàdì ọwọ́ mi, ó lọ ṣí yàrá tó tẹ̀ lé e, ó bá ọ̀rẹ́ mi apínlẹ́tà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kún. Ó padà wá. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní kí ni ọmọ náà bi mí ní èdè yẹn.

Ẹ wo ibi tí mo bá ara mi o. Nínú gbogbo ilé gíga yẹn, èmi àti ọmọ náà nìkan la gbọ́ ohun tó sọ, gbogbo wọn sì mọ̀ pé irọ́ ni mo wá pa. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, mi ò fi iyọ̀ kan kún un.

Ọ̀gá Olùkọ́ ní, "Irọ́ la fi ń pè yín wá síbí, sà. Báwo ni kí n ṣe mọ̀?"

Mi ò ní èsì. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí. Mo wo ọmọ mi pé kó gbà mí. Kò wò mí. Ó ti dìde nílẹ̀, ó ń gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ó sọ fún Ọ̀gá Olùkọ́ pé láti ìgbà tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà ti la ẹnu lòun ti mọ ẹni tó jẹ́, pé ó yẹ kóun gbé fóònù sílẹ̀ nígbà yẹn, àmọ́ nígbà tó fi máa dé ọ̀rọ̀ bàtà, òun ò lè gbé e sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá Olùkọ́ ní ìdánwò yẹn ò kà, nítorí ẹbí ni wá. Ó ní òun á tún ṣe òmíràn ní báyìí, kí ọmọ náà lọ mu omi kó tó padà wá. Ó wá yíjú sí apínlẹ́tà, ó ní kó nu ẹnu rẹ̀.

Wọ́n jẹ́ kí n jókòó sí yàrá ibi tí Ọ̀gá Olùkọ́ ti ń gbọ́ wọn, bóyá kí ojú rẹ̀ lè wà lára mi. Apínlẹ́tà mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Kò fi ẹ̀rín kankan sí i. Ó fa ọmọ mi lọ sínú ilé kan tí kò sẹ́nì kankan, tí wọn kì í ṣí aṣọ ojú fèrèsé rẹ̀ látàárọ̀. Ọmọ mi tẹ̀ lé e. Kò gbà á nímọ̀ràn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó ṣókùnkùn, apínlẹ́tà dákẹ́, òun náà dákẹ́ tì í. Mo di etí tábìlì mú. Mo ní lọ́kàn mi, tí ọmọ yìí bá bi ọkùnrin yẹn bóyá ó ti jẹun, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ meat pie tán, ó ti parí.

Ó bi í. Ní Gẹ̀ẹ́sì gbangba, láìyí ọ̀rọ̀ po, pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi bi mí. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ gíláàsì tó wà lọ́dọ̀ wa náà: ó tún kúnlẹ̀.

Apínlẹ́tà ní bẹ́ẹ̀ ni, òun máa ń rò ó. Káàdì ló ní kó sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Síbẹ̀ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lọ bá a ní yàrá rẹ̀. Ọmọ mi ní òun dúpẹ́ pé ó sọ fún òun, ó sì bi í pé kí ló fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ nípa ọjọ́ yẹn. Wọ́n ń bá a lọ. Ọ̀gá Olùkọ́ bọ́ ohun etí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ò rí olùyọ̀ǹda tó ń kúnlẹ̀ dáhùn fóònù rí, àmọ́ kò sóhun tó ní kó má kúnlẹ̀. Bí ọmọ mi ṣe yege nìyẹn.

Tèmi ò tíì tán. Ọ̀gá Olùkọ́ mú mi lọ sí igun kan, ó bi mí, òun náà, ní gbangba, ìbéèrè kan náà. Obìnrin méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan! Mo ní rárá, mà. Ó wò mí títí ó fi rí i pé òótọ́ ni. Ó ní fóònù náà wà fún èmi náà o, tí ilé bá ti ń dákẹ́ jù. Mo ní ta ni màá bá pàdé lórí ẹ̀, ọmọ tí mo ti ṣe awakọ̀ òfurufú fún? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì gba káàdì ìdánimọ̀ mi lọ́rùn mi títí di sáà tó ń bọ̀. Apínlẹ́tà náà jẹ nínú ìyà ọ̀hún, àmọ́ ó ní meat pie yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Èmi àti ọmọ mi wọ tréènì padà. Ìyá rẹ̀ máa wá gbé wa níbi tó máa já wa sí. Ọmọ mi ti fi káàdì tuntun kọ́ ọrùn, ó ń fọwọ́ kàn án léraléra. Mo ní, ìyàwó mi, mo kí ọ o. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí ìjókòó tréènì, àwọn èèyàn wò wá. Nígbà tó yá, ó ní, "Grandpa, èwo ni òótọ́ nínú ohun tí ẹ sọ?"

Mo ní bọ́ọ̀sì tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni. Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ ló máa ń kọ́kọ́ pè mí, èmi kì í ṣe ẹni tó ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Kò rẹ́rìn-ín. Kò wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó kàn yí ara rẹ̀ sí mi, ó ń dúró. Tréènì dúró, àwọn kan bọ́ sílẹ̀, àwọn kan wọlé pẹ̀lú báàgì. Ó ṣì ń dúró, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Mo wá irọ́ tó kù nínú àpò mi, mi ò rí èyí tó máa kọjá ojú yẹn.

Mo bá ṣí fìlà, mo gbé e lé orúnkún, mo bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a sin ìyá àgbà rẹ̀.